Kí Jessica Lè Rí I Kà

Ìwé ìròyìn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni Déọlá ń lé. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun. Ìjẹ̀bú-Òde ni Déọlá jókòó sí ní tirẹ̀, ó ń kọ àpilẹ̀kọ fún ẹni tó bá fẹ́, kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Àwọn ará Èkó ń gba iṣẹ́ rẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù yìí nìkan ni kò gbà á, òun gan-an ló sì wù ú, torí òun ni Jessica àbúrò rẹ̀ máa ń kà, títí kan ìpolówó ọjà inú rẹ̀.

Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Nígbà tí ìyá kú ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, Jessica tó wà lókè òkun kò wá sìnkú. Ó ní ìwé ìgbélùú òun ò tíì jáde, bí òun bá kúrò, òun ò ní rí ọ̀nà padà. Inú bí Déọlá, ó ní kó má pe òun mọ́ láyé. Jessica tí kì í gbọ́ràn láti kékeré wá lọ gbọ́ èyí. Ó yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, ó kúrò lórí Facebook, ọdún sì ń gorí ọdún. Déọlá ò mọ ibi tó ń gbé mọ́. Ìwé ìròyìn yẹn ló kù: bí orúkọ òun bá jáde níbẹ̀, Jessica á rí i, bóyá ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí Edith, olóòtú wọn, pani lẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó kí olóòtú kú òtútù, ó kí i kú iṣẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ, kó tó wá dé orí Ojúde Ọba tó fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Edith fèsì pé ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba tí wọ́n ti kọ ránṣẹ́ sóun ti tó, àti pé kó jọ̀wọ́ máa fi kókó ọ̀rọ̀ ṣíwájú. Déọlá wá kọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá yàrá ní Ìjagun. Wọn ò gbà á. Edith ní, "Ẹ ń sọ ti ìlú dáadáa, àmọ́ mi ò rí ẹ̀yin fúnra yín níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Déọlá. Nígbà tó yá, ó kọ ti ìyá wọn. Bí àwọn ọmọ méjèèjì bá jà, ìyá á ní kí wọ́n jọ rin ewùrà kan náà fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀gbọ́n á di orí rẹ̀ mú, àbúrò á di ìdí rẹ̀ mú. Bí ọ̀kan bá ń tì í, èkejì á máa fà á, ẹni tó bá yodì ò ní lè ṣe é. Kí ewùrà tó tán, ọwọ́ á ti máa yún wọn, wọ́n á sì ti máa rẹ́rìn-ín. Tomijé tomijé ló fi kọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òun àti Bọ́dúnrìn ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́ ni èsì dé. Edith ní, "Ó dùn mí láti kọ èyí. Ẹnìkan níbí ti fi irú rẹ̀ gan-an ránṣẹ́, a sì ti gba tirẹ̀: ewùrà kan, ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n lórí, àbúrò nídìí. Àṣà Ìjẹ̀bú ni, àbí?"

Kì í ṣe àṣà Ìjẹ̀bú. Àṣà ìyá wọn ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é.

Bọ́dúnrìn rí i tó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Wọ́n tún ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Pẹ̀lẹ́. Fi àwọn èèyàn yẹn sílẹ̀ jàre."

"Wọn ò kọ̀ mí," ni Déọlá wí. "Jessica ló kọ ọ́. Àárò mi ń sọ ọ́."

Kò jẹun mọ́. Ó fa fóònù sọ́dọ̀, ó sì kọ̀wé sí Edith: "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó kọ ìtàn yẹn pé nọ́ńbà mi ò yí padà. Ẹ ní èmi tí mo ní kó má pè mí mọ́ ni mo ní kó jọ̀ọ́, kó pè."