Igi Gbígbẹ Inú Fídíò

Òtútù ọjọ́ náà mú ní Tudun Wada, ní ìlú Jos, débi pé iná fúnra rẹ̀ ń wá aṣọ bora. Fọlábí jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń gé fídíò oníṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kan tó ń gbin igi ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, padà sí etí òkun Ìlàjẹ, kí igbó tó ti kú níbẹ̀ lè tún hù, ló gbéṣẹ́ fún un. Fídíò ìgbéyàwó tí Fọlábí ti gé ní Jos á yí ayé ká lẹ́ẹ̀méje, ṣùgbọ́n kò fojú kan òkun rí. Adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú ni òkun tirẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Tísà Olúgbóyèga, ọmọ Ìlàjẹ tó ti fẹ̀yìn tì, ni Fọlábí fẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ inú fídíò náà. Ara bàbá kò yá mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lójoojúmọ́: "Bí mo bá kú, ẹ gbé mi lọ sílé, ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki irọ́ ẹja bọ̀ ọ́ o."

"Irọ́ wo? Ẹja tiwa, bí orí rẹ̀ bá ti wà nínú ìkòkò, ìrù rẹ̀ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ lókun!"

"Haba, Bàbá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí páànù òrùlé fi mì.

Fọlábí tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn. Tísà wọ awò ojú, ó gbé ìwé sókè. "Èyí ni aginjù etí òkun. Ènìyàn kankan kò gbé ibí rí..."

Ó gbójú kúrò lórí ìwé náà.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà. Mo wo gbogbo àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sí ilé níbẹ̀. Omi àti igi gbígbẹ ni."

"Jẹ́ n rí i."

Omi lọ súà lójú kọ̀ǹpútà. Igi dúdú mélòó kan yọrí, ẹyẹ funfun bà lé ọ̀kan.

"Òpó ilé nìyẹn, Fọlábí. Orí òpó là ń kọ́lé sí lọ́dọ̀ wa. Irin tó tẹ̀ yẹn, agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbé. Ilé wa kọjú sí i." Ìka rẹ̀ ń wá nǹkan kiri lójú àwòrán. "Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé tí a sin ìyá mi sí dà?"

"Kò sí ilẹ̀ mọ́, Bàbá."

"Wọ́n sọ fún mi pé òkun ń jẹ etí ìlú. Mo rò pé etí nìkan ni."

Fọlábí nawọ́ láti pa ẹ̀rọ. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Yọ gbólóhùn yẹn. Kọ ọ́ pé a gbé ibẹ̀."

Fọlábí kọ ọ́. Tísà gbìyànjú láti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó jáde: "A gbé ibẹ̀." Ó yọ awò ojú, ó ká ìwé náà sí kékeré.

"Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mú mi lọ sí Zawan, ẹ̀yìn Jos níbí."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe ní Zawan?"

"Mo fẹ́ wo ilẹ̀. Kò ní láti tóbi. Kó ṣáà wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ lè máa yà kí mi."