Ọṣẹ Tó Mọ Irin Yàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín o. Ẹ jókòó dáadáa. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnìkan kọ́ ló sọ ọ́ fún mi, ìṣojú mi ló ṣe.

"Ọṣẹ kẹ̀? Ṣé aṣọ lo wá fọ̀ níbí ni?"

Ọkùnrin tó ń ta irin ló sọ bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ kàn ń bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ń tú ọṣẹ ìfọṣọ kan kúrò nínú ìwé ìròyìn.

Abọ́ igi lobìnrin yìí ń ṣe. Bàbá wọn ló fi ẹ̀rọ tó ń yí igi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Irin kan wà níwájú ẹ̀rọ náà tó ní ẹnu mẹ́rin, òun ló ń di igi mú kó má fò dànù. Ẹlẹ́nu-mẹ́rin làwa ń pè é. Èyí tó wà níbẹ̀ ti sán, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Ni ẹ̀gbọ́n bá ní òun ti rí ẹni tó máa ra ẹ̀rọ. Tí ò bá yí títí di Sátidé, ó ń lọ nìyẹn. Oúnjẹ ẹnu àbúrò ẹ̀ ló fẹ́ tà o.

Ẹ̀gbọ́n náà bá a wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ́fíìsì lòun ti ń ṣiṣẹ́, kò gbẹ́ ṣíbí rí láyé ẹ̀. Ó so táì mọ́rùn bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó ní obìnrin ò lè dá irin rà. Ìṣó lèmi wá rà. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò wọ́n.

"Èyí ni," ẹ̀gbọ́n na ìka sí ẹlẹ́nu-mẹ́rin kan tó tóbi bí orí màlúù, tó ń dán. "Gbé e wò. Irin gidi."

"Ọ̀gá mọ nǹkan," oníṣọ́ọ̀bù ní. Kí ló tún fẹ́ sọ? Lára ògiri lẹ́yìn orí ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Àbúrò ti fi ọṣẹ yẹn tẹ ọ̀pá iwájú ẹ̀rọ nílé, èyí tí ẹlẹ́nu-mẹ́rin máa ń yí mọ́. Gbogbo ìlà tó yí ọ̀pá po bíi ti bóòtì ló hàn lára ọṣẹ. Ó wá ń mú bóòtì ńláńlá inú báàsíà oníṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ̀ wọ́n sójú ọṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹfà ló jókòó síbẹ̀ bí ọmọ sẹ́yìn ìyá. Ó fi bóòtì yẹn dán ihò ẹlẹ́nu-mẹ́rin ńlá yẹn wò: ó wọlé díẹ̀, ó há. Ó dán kékeré kan tó ti dípẹtà wò, tí eruku bò nísàlẹ̀ pẹpẹ: ó yí wọlé wọ́ọ́rọ́.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Pàǹtí yẹn?" Ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Ọpọlọ ẹ ti ń yọ̀ bí ọṣẹ ọwọ́ ẹ. Màá fowó ara mi ra ńlá yìí, kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ rí nǹkan gidi lórí ẹ̀."

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ sílé wọn. Irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣẹ̀yìn mi. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ dé, àgbà agbẹ́gi ni. Ẹ̀gbọ́n bọ́ kóòtù, ó gbé ńlá sí i. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó há. Ó tì í, ó làágùn, irin wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà ọ̀mùtí.

"Ìlà wọn ò bára mu, ọ̀gá," àgbà agbẹ́gi sọ. "Tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ yìí, ojú ẹnìkan á fọ́."

Àbúrò yọ ọ́, ó fi kékeré tó rà sí i. Ó de igi mọ́ ọn, ó tanná. Kò pẹ́, abọ́ jáde. Àgbà agbẹ́gi fọwọ́ ra á.

"Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ta ló ń tà á?" Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n gbé ńlá dání. "Kí ni kí n wá fi eléyìí ṣe? Wọn ò ní gbà á padà."

"Ẹ gbé e sídìí ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Atẹ́gùn ń tì í kiri. Nǹkan tó wúwo tí kì í ṣiṣẹ́ ló ń fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo wo àjà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà títí dòní. Tí irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ bá wà nílé tiyín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fi í pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ gàdàgbà o, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.