Ìwé Inú Àpótí Ìjọba

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Télọ̀ ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rán yunifọ́ọ̀mù. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi ń tún ìṣẹ́tí aṣọ ọmọ mi rán, tí mò ń jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé ogun lò ń lọ jà ni?" Ó ní ìṣó àga ló ń fà á ya. Aṣọ tí ìṣó bá fà ya, òwú rẹ̀ a máa yọ wúruwùru. Tirẹ̀ gún régé bí ẹni fi rúlà gé e. Bíléèdì ni. Ojú mi rí i, àmọ́ oníbàárà ń dúró, mo bá gbójú kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ jókòó ti ẹ̀rọ mi, ó ní, "Màmá, mi ò lọ sílé ìwé mọ́. Ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yín." Ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ń gba ipò kìíní. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì ilé ìwé pè mí. Ìjọba ti ṣòfin lórí àwọn ọmọ tó ń fòòró ẹlẹgbẹ́ wọn: kí ilé ìwé gbé àpótí kan kalẹ̀, kí ọmọ lè ju ìwé sí i láìkọ orúkọ, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì pe òbí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á fún wa nípàdé òbí, èmi ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Mo ní ìjọba tí kò rí òrùlé tó ń jò tún ṣe ló ń kan àpótí kiri.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń fòòró ọmọ mi ní kíláàsì àti àwọn ìyá wọn lórí bẹ́ńṣì. Èébú ti kún ẹnu mi. Nọ́ọ̀sì na ìwé tó bá nínú àpótí sí mi kí n tó la ẹnu. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́: "Àwa mẹ́ta tó ń jókòó lẹ́yìn ọmọ télọ̀ ń fi bíléèdì gé aṣọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa dúró."

"Wa" kẹ̀? Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, èwo ló kọ ọ́ nínú wọn?"

"Ẹ má bínú, mà. Òfin ò gbà mí láyè láti sọ."

Mo wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mi ò mọ èyí tí mo lè bú, kí n má bú ẹni tó gba ọmọ mi sílẹ̀. Mo gbé èébú mi mì.

Àwọn ọmọ náà tọrọ àforíjì, nọ́ọ̀sì sì gba bíléèdì lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ tú wọn ká ní kíláàsì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì ń pe ọmọ mi, tó ń bi í bí nǹkan ṣe ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ ti wọ yunifọ́ọ̀mù kí n tó jí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dúpẹ́ títí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba pàápàá, èmi tí mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Lánàá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà mú aṣọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ já wá. Mo fi òwú ìlọ́po méjì rán an kó má baà já mọ́. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ó ní, "Kí lẹ ń dúpẹ́ fún, mà?"

Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù náà, nítorí ìwé inú àpótí.