Kọ́ọ̀pù Tánganran Ìyá Dídùn

Ó ti rẹ Ìyá Dídùn. Kì í ṣe rírẹ̀ téèyàn ń sùn tó fi ń lọ o. Èyí tó máa ń jí ṣáájú ẹni ni, tó á ti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, tó á máa dúró de ẹni.

Ogún ọdún ló ti fi ń se oúnjẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti kọ ìwé oúnjẹ mẹ́sàn-án. Àwọn tí ò bá a pàdé rí ló sọ ọ́ ní Ìyá Dídùn, wọ́n á sì dì mọ́ ọn nínú ṣọ́ọ̀bù bíi pé ọmọ ìyá wọn ni. Kéèkì ọlọ́sàn ló sọ ọ́ di èèyàn, èyí tó wà lójú ewé kejìlá nínú ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́: fúláwà kọ́ọ̀pù mẹ́ta, ẹyin mẹ́rin, bọ́tà síbí mẹ́wàá, ṣúgà síbí mẹ́jọ, omi ọsàn méjì. Ọmọ kékeré gan-an mọ̀ ọ́n sórí.

Láàárọ̀ ọjọ́rú kan, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin wà ní kíṣìnnì. Ọmọ yìí ló ń bá a tẹ gbogbo ìwé ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ. Àwọn tó ń tẹ̀wé fún wọn fẹ́ tún ìwé àkọ́kọ́ yẹn tẹ̀ torí pé ó pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kọ́ọ̀pù mọ́, gíráàmù làwọn fẹ́. Wọ́n wá fi òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́, tó ń tanná.

Ìyá Dídùn gbé kọ́ọ̀pù ẹ̀ jáde. Kọ́ọ̀pù tánganran tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ ni, funfun, etí ẹ̀ búlúù, ó ti bó lápá kan. Látọjọ́ tó ti ń yan kéèkì, òun ló fi ń wọn fúláwà. Ti orí tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀. Níbẹ̀, kọ́ọ̀pù dígí tó ń dán ni wọ́n máa ń gbé fún un. Á fi da fúláwà sínú abọ́, á pò ó, á rẹ́rìn-ín, á gbé e sínú ààrò gáàsì. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀, á gbé òmíràn tó ti yan nílé jáde lábẹ́ tábìlì. "Ẹ wò ó!" Èyí tó wà nínú ààrò yẹn, ẹnì kankan ò béèrè ẹ̀ rí. Tí kámẹ́rà bá ti kú, wọ́n á dà á nù.

"Màámi, ẹ tún un wọ̀n," ọmọ ẹ̀ ní.

"Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ó ń dín. Kọ́ọ̀pù tí gbogbo ayé ń lò gbà jù báyìí lọ." Ó gba kọ́ọ̀pù, ó dojú ẹ̀ dé. "Kí ló ṣe ìdí ẹ̀? Ó ti wọnú!"

Ìyá Dídùn wò ó, ó sì rántí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lòun fúnra ẹ̀ nígbà náà, ó fẹ́ fi aṣọ kọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kò rí òòlù, ló bá fi ìdí kọ́ọ̀pù gbá ìṣó wọlé. Ìyá ẹ̀ fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn: "Ṣé òòlù ni mo rà ni?" Ó tán síbẹ̀. Wọ́n ṣáà ń lo kọ́ọ̀pù wọn lọ.

Wọ́n bu omi kún un, wọ́n dà á sínú kọ́ọ̀pù gidi tí gbogbo ayé ń lò. Omi ò dé ẹnu. Ó ku bí ìka méjì.

"Ẹni tó bá fi kọ́ọ̀pù gidi wọn mẹ́ta," ọmọ ẹ̀ ń rò ó lọ, "ó ti lo mẹ́rin tiyín nìyẹn. Ẹyin ò sì yí padà. Bọ́tà ò yí padà. Kéèkì yẹn á gbẹ ni o. Á le."

"Á le bí òkúta," Ìyá Dídùn ní, ló bá wá ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ òkúta yìí lẹ́ni tó ni ín. Obìnrin kan wà tó ti kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí i láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún. Kéèkì òun ò rọ̀ rí. Kí lòun ń ṣe tí ò dáa? Nígbà tí lẹ́tà kẹrin dé, Ìyá Dídùn kà á lójú kámẹ́rà, ó sì fi dápàárá: "Ẹ ṣọ́ra o, ìyàwó wa! Ọwọ́ yín lòkúta, kì í ṣe kéèkì!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó di kámẹ́rà mú fẹ́ẹ̀ jù ú sílẹ̀. Lẹ́tà karùn-ún kúrú: "Ìyá ọkọ mi gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọlọ́wọ́-Òkúta lòun àtàwọn ọmọ ń pè mí báyìí. Kò burú. Mo ṣì ń gbìyànjú." Látìgbà náà, Ọlọ́wọ́-Òkúta ló ń kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Ìkọkànlá dé lóṣù tó kọjá.

"Màámi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn," ọmọ ẹ̀ ní. "Gíráàmù tó tọ́ la máa kọ síbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Yàtọ̀ sí ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé nǹkan jáde lábẹ́ tábìlì."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kọ́ọ̀pù tánganran lọ síbi iṣẹ́. Olùdarí ètò wọn, Ọ̀gá Gé-e ni gbogbo wọn ń pè é lẹ́yìn, torí "Gé e!" ló fi ń dá kámẹ́rà dúró, òun náà ló sì fi ń kí èèyàn. Iná gbóná lórí. Àtíkè ń yọ́ lọ́rùn Ìyá Dídùn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dùn ún látorúnkún. Ó gbé kọ́ọ̀pù méjèèjì síwájú, ó da omi láti inú èyí sínú èyí, ó wo ojú kámẹ́rà, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tí kéèkì ọlọ́sàn yín ò rọ̀ rí, èmi ni mo ṣì í kọ..."

"Gé e! Gé e!" Ọ̀gá ti dé tábìlì. "Ìyá Dídùn, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni."

"Kéèkì yìí làwọn èèyàn fi ṣègbéyàwó!"

"Eyín wọn ló sì fara gbá a."

Ẹni tó di kámẹ́rà mú bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò ó, ó pa ẹnu dé.

"A ò ní gbé ìyẹn jáde láé," Ọ̀gá ní. "Ẹ wulẹ̀ sọ fún wọn pé gíráàmù ló rọrùn jù. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí."

Ìyá Dídùn ò bá a jà. Ibo ni yóò ti rí agbára ẹ̀? Ó tú aṣọ ìdáná ẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó mú kọ́ọ̀pù, ó wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti ń kun ojú, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ó nu àtíkè kúrò. Ojú tó rí nínú dígí ti gbó, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ni. Ó yọ lẹ́tà kọkànlá nínú báàgì, ó tẹ nọ́ńbà.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá Dídùn ni."

"Èwo? Ti tẹlifíṣọ̀n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì lù ní jìbìtì, èmi ò ní nǹkan kan."

"Nínú lẹ́tà kẹjọ, ẹ ní ajá yín gbóòórùn ẹ̀, ó yísẹ̀ padà."

Ìyá Dídùn bá sọ ọ́ fún un, ìṣó, ìlẹ̀kùn, omi tí ò dé ẹnu kọ́ọ̀pù. "Mo tún wá fi yín ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín."

"Látọjọ́ yìí?"

"Látọjọ́ àkọ́kọ́."

Obìnrin yẹn gbé fóònù kúrò létí. "Màámi! Ẹ jáde wá o! Màámi!"

Sálúbàtà ń wọ́ bọ̀. "Kí ló dé, Ọlọ́wọ́-Òkúta? Ṣé ilé ń jó ni?"

"Ìyá Dídùn ló ń pè! Ó ní kọ́ọ̀pù òun ni!"

Ìyá àgbà, ìyá ọkọ ẹ̀, gba fóònù, ó ń mí gúlegúle. "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jẹ nǹkan yẹn. Eyín mi méjì bá a lọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Pẹ̀lẹ́ ò tó. Wá yan án níbí lójú mi. Má sì gbé èyí tó o ti yan sílẹ̀ wá o! Mo mọ̀ yín."

"Mò ń bọ̀, mà. Lónìí."

Ìyá àgbà ò pa fóònù. Ìyá Dídùn gbọ́ ọ tó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀: "Ìyàwó mi, ẹyin mélòó ló kù nílé?"

Ọ̀gá kan ìlẹ̀kùn. "Ìyá Dídùn, iná ti wà nílẹ̀ o. Ṣé ẹ ń bọ̀?"

Ó ti ń fi aṣọ ìdáná wé kọ́ọ̀pù tánganran. Ó ṣì rẹ̀ ẹ́, àní ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Ó gbé báàgì ẹ̀ kọ́ apá, ó ṣílẹ̀kùn, ó kọjá lára Ọ̀gá, ó kọjá lára tábìlì tí kọ́ọ̀pù dígí ti ń dán, ó gba ojú ọ̀nà lọ ra ọsàn méjì.