Ibi Kan Ṣoṣo Tí Ilẹ̀ Ti Rọ̀

Ẹ̀rù ń ba Ifáníkẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí Jẹ̀lílì ti sọ lórí fóònù pé òun ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, tòun ti ẹni tó máa gbẹ́ sókáwéè, kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ṣàn sí, oúnjẹ ò lọ lọ́fun obìnrin náà mọ́. Ó gbé ẹ̀kọ ka iwájú, ó ń wò ó títí ó fi tutù.

Kí ló ń bà á lẹ́rù? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá. Ó fẹ́ ta ilé Adigbẹ yìí, ilé tí bàbá rẹ̀, Ọ̀jẹ̀níyì, kọ́ sórí àpáta, tó sì kú sí. Bàbá náà wà níwájú ilé, lábẹ́ ilẹ̀, láti ọdún mọ́kànlélógún. Jẹ̀lílì tó fẹ́ ra ilé ò sì mọ̀.

Ẹ má rò pé gbájúẹ̀ ni Ifáníkẹ́ o. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ojú ló ń dà á láàmú. Dókítà ní gulókómà ni, pé tòsì ti lọ, tọ̀tún náà ń tẹ̀lé e bọ̀. Ta ni yóò máa fa obìnrin afọ́jú gun àpáta Adigbẹ? Lois, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé ní Ọdẹ́dá, ilé kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ tí onílé fẹ́ tà. Bí Ifáníkẹ́ bá ta tibí, á ra tibẹ̀ kí òkùnkùn tó dé bá a. Bí kò bá rí i tà, òun nìkan ni yóò máa fọwọ́ wá ògiri kiri nínú ilé yìí títí tí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Èyí tó wá ń dunni ni pé ó ti rí i tà rí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ilé wọ́n bí ojú l'Abẹ́òkúta, tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń wá ilé kiri, ènìyàn mẹ́ta ló bẹ̀ ẹ́ láàárín oṣù kan. Wọ́n rí sàréè bàbá gbàgàdà níwájú ilé, wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn á gbin òdòdó yí i ká. Ọ̀kan tilẹ̀ tẹrí ba fún sàréè náà, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o." Ifáníkẹ́ ní kí wọ́n máa lọ ná, owó ilé ṣì ń gòkè. Ojúkòkòrò ni, àbí kí la fẹ́ pè é?

Àfi bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀sítéètì tuntun sí Kọ́bapẹ́. Igba ilé, gbogbo ẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan náà, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sí òkú kankan níwájú ilé. Oníbàárà tó kọ́kọ́ wá lẹ́yìn ìyẹn rí sàréè, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó fi yí padà. Èkejì ní, "Màmá, ṣé kí n wá máa bá yín tọ́jú òkú ni?" Ni Abdulkabir, ajẹ́ńtì tó ń bá a wá oníbàárà, bá gbà á nímọ̀ràn. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé òkúta sàréè yẹn kúrò, ká fi bíríkì íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ iwájú ilé. Ta ló máa bi yín?"

Ó sì gbà. Ó gbà o, ẹ gbọ́! Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkúta náà kúrò, ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn, ó fi ìrọ̀rí bo etí.

Jẹ̀lílì dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, tòun ti Jùbrílù tó máa gbẹ́lẹ̀. Abdulkabir ò bá a wá, ó wà ní Kọ́bapẹ́ níbi tó ti ń fi ilé tuntun han àwọn ẹlòmíràn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Jẹ̀lílì, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ẹ má bínú, ṣáláńgá àtijọ́ tí wọ́n mọ sórí àpáta lẹ́yìn yẹn ò lè bá èmi àti ìyàwó mi lára mu. Bí Jùbrílù yìí bá ti lè rí ibi gbẹ́ sókáwéè sí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Màá sanwó lónìí."

Ifáníkẹ́ rẹ́rìn-ín.

Jùbrílù gbé ọ̀pá irin lọ sẹ́yìnkùlé. Ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Kòn! Àpáta. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Kòn! Ó lọ sídìí ògiri. Kòn! Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ bọ̀ wá síwájú ilé, Ifáníkẹ́ sì ń tẹ̀lé e. Ó mọ ohun tí Jùbrílù ò mọ̀. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni àwọn tó gbẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Dígà méjì ló kán sí wọn lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo ló gbà wọ́n nínú gbogbo àgbàlá yìí.

"Jùbrílù, tún ẹ̀yìn yẹn wò dáadáa," ni Ifáníkẹ́ wí.

"Màmá, àpáta ni. Kò sóhun tó lè wọ̀ ọ́."

Jùbrílù yọ íńtálọ́ọ̀kì mẹ́rin níwájú ilé, ó sọ ọ̀pá irin náà sílẹ̀. Kò dún. Ó wọlẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀bà.

"Alàájì! Ibí rọ̀ o! Àfi bíi pé ẹnì kan ti gbẹ́ ẹ rí."

"Alihamudulilai!" ni Jẹ̀lílì wí. "Gbẹ́ ẹ wò."

Ẹ gbà mí o! Sókáwéè! Kí ìgbẹ́ gbogbo ilé máa ṣàn sórí àyà Ọ̀jẹ̀níyì! Síbẹ̀, Ifáníkẹ́ dákẹ́. Ó ń rò ó pé òkú ọdún mọ́kànlélógún, kí ló kù níbẹ̀? Bóyá wọn ò ní mọ̀. Jùbrílù gbé dígà sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, yẹ̀pẹ̀ pupa ta sí Ifáníkẹ́ lẹ́sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kan nǹkan líle.

"Kì í ṣe àpáta o," ni Jùbrílù wí. "Sìmẹ́ńtì ni."

"Ẹ dúró!" Igbe tí Ifáníkẹ́ ké, àwọn ará ilé kejì yọjú. "Ẹ má gbẹ́ ẹ mọ́! Bàbá mi ni! Bàbá mi ló wà níbẹ̀!"

"Aúsùbílàhi!" Jùbrílù ju dígà nù, ó fò sẹ́yìn.

Jẹ̀lílì wo íńtálọ́ọ̀kì, ó wo Ifáníkẹ́. Ifáníkẹ́ ń retí kó pariwo, kó bú òun, kó pe ọlọ́pàá. Kò pariwo.

"Màmá, ẹ purọ́ fún mi."

"Ẹ forí jì mí, Alàájì. Ojú mi ló ń fọ́."

"Mi ò bínú. Ilé yìí wù mí." Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ kékeré wí. "Ṣùgbọ́n igba ilé ló wà ní Kọ́bapẹ́. Sókáwéè wà níbẹ̀, bàbá ẹnikẹ́ni ò sí nínú ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ra tiyín, ẹ hú bàbá kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Kọ́bapẹ́ ni màá sanwó sí."

Ó ṣẹ́wọ́ sí Jùbrílù pé kí wọ́n máa lọ.

Ifáníkẹ́ la ẹnu. Èpè ló kún ẹnu rẹ̀, irú èyí tí ọmọ Ẹ̀gbá ń ṣẹ́ fún ẹni tó bá fojú di òkú baba rẹ̀. Ó wo iwájú kó lè ṣẹ́ ẹ sí i lójú. Kò rí ojú kankan. Aṣọ funfun Jẹ̀lílì nìkan ló ń rí, tó ń lọ sídìí mọ́tò, tó sì ń ṣú lọ bàìbàì.

"Alàájì!"

Aṣọ funfun náà dúró.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ máa dúró dè mí di ọjọ́ Ẹtì?"

Ẹnu tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ifáníkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu náà. Gbogbo ẹ̀rù tó ti ń bà á látàárọ̀, eré ni. Ara rẹ̀ ló wá ń bà á lẹ́rù báyìí.