Àwọn Tó Mú Ìgbálẹ̀ Gun Òkè

Kí Ọlọ́runṣògo tó kú, ó kìlọ̀ fún Tóyọ̀sí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé tó bá dé Ìdànrè, kó má ṣe bíi ti àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí Òkè Ìdànrè, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí wọ́n á wá máa pariwo pé àwọn ti rí ìlú. Ó ní oko àwọn wà ní Aládé, kó béèrè oko Ajíbádé, ibẹ̀ ni yóò ti rí Joanna, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Èkó ni wọ́n ti tọ́ Tóyọ̀sí dàgbà. Kò rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí rí, kò ní nọ́ńbà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ló ń lọ sí Kánádà. Ó fẹ́ rí ẹnì kan tó jẹ́ tirẹ̀ kó tó lọ.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ òkè, èrò ti pé síbẹ̀, wọ́n mú fóònù àti omi inú ọ̀rá dání. Inú bí i. Ìyá àgbà kan tó gbé ìgbálẹ̀ há abíyá tẹjú mọ́ ọn, ó sì ń fi èdè Ìdànrè bá a sọ̀rọ̀. Tóyọ̀sí rò pé ó fẹ́ mú òun gòkè kó lè gbowó ni. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé òun ò gùn, ó sì pe ọlọ́kadà. Ẹ ò rí nǹkan, ọmọ onílé dé, ó ń sá fún ilé.

Lóko Ajíbádé, ìyá kan tí irun rẹ̀ ti funfun ń sá kòkó sórí ẹní. Tóyọ̀sí kúnlẹ̀, ó kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, bíi pé wọ́n ti pàdé rí, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá náà gbá a mọ́ra. Kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún, ṣùgbọ́n ó fún un ní bọ̀ọ̀lì, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó kó tó di sísá hàn án. Inú Tóyọ̀sí dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ó ní kí ìyá náà fi èdè Ìdànrè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn.

“Ọmọ mi, Ìsẹ́yìn lèmi ti wá. Hàfsátù ni wọ́n ń pè mí. Oko olóko la ń ro, tá a sì ń bá wọn pín kòkó ibẹ̀.”

Ọkàn Tóyọ̀sí dàrú. Ṣé ti Ìdànrè lohun tó ń kọ́ láti àárọ̀, àbí ti Ìsẹ́yìn? Ogójì ọdún ni Hàfsátù ti ń ro ilẹ̀ yìí, òun tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ò mọ ààlà rẹ̀. Ta wá ni àlejò nínú àwọn méjèèjì? Ó béèrè Joanna.

Hàfsátù ní ó ti bá àwọn ará ilé rẹ̀ gun òkè lọ. Lọ́dọọdún, irú ọjọ́ òní ni wọ́n máa ń lọ gbá ilé àwọn bàbá wọn tó ti dahoro ní ìlú àtijọ́ lórí òkè, kí igbó má bàa bò ó. Ó ní ṣé kò rí wọn nísàlẹ̀ òkè ni, ìyá àgbà tó gbé ìgbálẹ̀ há abíyá.

Tóyọ̀sí ò rántí fọwọ́. Nígbà tó sáré padà dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, eruku bo orí ìyá àgbà náà. Tóyọ̀sí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sọ, ẹ̀bẹ̀ ni tàbí orúkọ bàbá rẹ̀.

Joanna fà á dìde. Yorùbá tí yóò yé e ló sọ lọ́tẹ̀ yìí.

“Mo ti mọ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ojú Ọlọ́runṣògo ló wà lójú ẹ. Mo ní ká jọ lọ gbálé bàbá ẹ, o ní o ò gùn.”

Ó wá fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní àwọn ti gbá gbogbo ilé náà tán, àfi apá tó jẹ́ ti Ọlọ́runṣògo, torí ọmọ rẹ̀ ti wálé.