Lẹ́tà Méjì Lára Àpòòwé

Ọdún kọkànlá rèé tí Edelmira Painemal ti ń fi ẹ̀rọ lọ gíláàsì awò ojú fún Don Belisario Oyarzún ní òpópónà àwọn onígíláàsì ojú ní Santiago, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá: láísẹ́ǹsì tirẹ̀, kó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìdánwò láísẹ́ǹsì náà ò bà á lẹ́rù rárá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà kéèyàn ṣe é, ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé òun ti fọwọ́ ara òun ṣiṣẹ́ fọ́dún márùn-ún gbáko.

Ṣé ẹ̀rí wá le ni? Ní òpópónà yẹn, àpòòwé ni wọ́n ń fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Nọ́ńbà ojú oníbàárà á wà lára rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ náà á kọ lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí igun. Wọn kì í ju àpòòwé nù. Àmọ́ ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ni Edelmira fi kọ́ṣẹ́, láti ọdún méje sì rèé, B.O. ló wà lára gbogbo àpòòwé ṣọ́ọ̀bù Don Belisario. Ta ló ń kọ ọ́? Edelmira náà ni!

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ojú ọ̀gá ti ń bàjẹ́. Ó gbé gíláàsì apá ọ̀tún sí apá òsì fún tíṣà kan, obìnrin ọ̀hún sì ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Edelmira ló sáré gba awò náà padà, tó tún un ṣe. Nígbà tó máa fi wọlé, ọ̀gá ti ń sunkún nídìí ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi, tí wọ́n bá gbọ́ pé mi ò ríran mọ́, mo gbé. Máa bá mi ṣe é, kó o sì máa kọ orúkọ mi sí i. Tó bá dọjọ́ tìẹ, èmi fúnra mi ni màá jẹ́rìí ẹ."

Àánú ṣe é, ó gbà. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àánú!

Doña Hortensia, onígíláàsì òdìkejì, kò dákẹ́. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ọ̀gá mi kì í ṣèké."

"Ó dáa. Máa lọ̀ ọ́ lọ."

Nígbà tí fọ́ọ̀mù ìdánwò dé lóṣù kẹta, Edelmira dúró kí ọ̀gá jẹ búrẹ́dì àti píà rẹ̀ tán, ó wá fi ìka rẹ̀ síbi tó máa fọwọ́ sí. Ọ̀gá ò mú bírò.

"Kí ni kí n kọ? Pé ìwọ lò ń ṣe é látọdún méje? Wọ́n á gba láísẹ́ǹsì mi ni! Ṣe sùúrù, ó dìgbà tí mo bá kú."

"Ẹ̀yin tára yín le báyìí?"

Inú bí Edelmira. Ó kó páálí àpòòwé mẹ́ta, ó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Akọ̀wé tú wọn wò títí.

"Iṣẹ́ yìí mọ́ o! Kò sí èyí tí wọ́n dá padà. Ta ni B.O.?"

"Èmi ni."

"Ìwọ Edelmira Painemal?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó sì pe ọ̀gá lórí fóònù. Edelmira gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: "Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń gbálẹ̀ fún mi, ó máa ń nu awò."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Akọ̀wé ò pa iṣẹ́ tó mọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, ó ròyìn ẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onígíláàsì. Wọ́n ní àwọn á yẹ́ Don Belisario sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, gbogbo òpópónà kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n gbé pátákó oríyìn lé e lọ́wọ́. "Ẹ kà á sókè, Don!"

Ọ̀gá fara sún mọ́ Edelmira, bó ti máa ń ṣe. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọ mi?"

Edelmira ti lanu láti kà á. Ọdún méje ló ti ń kàwé fún un. Ó pa á dé.

"Ẹ kà á fúnra yín, Ọ̀gá." Kò sẹ́ni tí kò gbọ́.

Ọ̀gá gbé pátákó náà sún mọ́ imú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Ó tún dorí rẹ̀ kodò. Doña Hortensia ló kọ́kọ́ dẹ́kun àtẹ́wọ́.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa kí oṣù tó parí. Àwọn àpòòwé ṣì wà ní ọ́fíìsì, wọn ò sì wúlò fún Edelmira, torí orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà lára wọn. Doña Hortensia fún un láyè nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀, kó lè bẹ̀rẹ̀ ọdún márùn-ún náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni.

Lọ́jọ́ kìíní, ó lọ awò kan, ó dán, ó dọ́gba. Ó fi í sínú àpòòwé, ó kọ lẹ́tà méjì sí igun, ó nawọ́ ẹ̀ sí Doña Hortensia. Obìnrin náà wò ó. Ó dá a padà fún un, ó fi ìka tọ́ka sí igun náà.

B.O. ni Edelmira kọ síbẹ̀.